Omi Inú Pọ́ǹpù

Mò ń dúró kí wọ́n lẹ táyà ọ̀kadà mi ní gáráàjì kan ní Kouloundè, ní Sokodé, nígbà tí mo gbọ́ èdè wa lẹ́nu mẹkáníìkì àgbà kan àti ọkùnrin tó gbé Pẹ́jò àtijọ́ wá láti Kambolé.

"Àbúrò, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo máa tú pọ́ǹpù epo yìí. Mo pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀, mo dè é padà. Wò ó, ó tún ti dípẹtà. Omi ló wà nínú ẹsáńsì tí ò ń rà."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"O mọ̀? Lọ́wọ́ ta lo ti ń rà á?"

"Ìyá mi ló ń tà á, nínú ìgò, létí ọ̀nà. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tán, á fọ gbogbo ìgò rẹ̀, á sì bu epo sí wọn lójú ẹsẹ̀."

"O ò lè rà á níbòmíràn?"

"Níṣojú gbogbo Kambolé? Ta ló máa wá ra ti ìyá mi mọ́?"

"Walahi, ó ti sú mi. Sọ fún un kó jẹ́ kí ìgò máa gbẹ."

"Mo ti sọ ọ́ títí. Ó ní eruku á ti kó sí i kó tó gbẹ. Ó ní ṣé kí òun wá da eruku sínú mọ́tò ọmọ òun ni?"

Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀, ó mú sípánà. Wọ́n ti lẹ táyà mi tán, mi ò tíì lè dìde.

"Gbogbo ìgò ló ń fọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń fọ̀ ọ́."