Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Wọn Ìwo

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, kì í wù mí láti sọ ohun tí ojú mi rí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò jẹ́ kí n pa á mọ́ra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ààwẹ̀ wa, mo gbàdúrà tán, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní. Bí oorun ṣe gbé mi lọ, mo bá ara mi lójú ọ̀nà kan tí nǹkan kan kò ní òjìji. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní kí n máa tẹ̀ lé òun.

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi ìsinmi. Mo rí ìyá àgbà tó máa ń gbálẹ̀ ilé ìjọsìn wa kó tó sùn nínú Olúwa. Ó jókòó sórí koríko, òbúkọ orí òkè kan gbórí lé e lẹ́sẹ̀, ìwo rẹ̀ gùn, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ dúró níbẹ̀. Amọ̀nà mi kò gbà fún mi.

A sọ̀ kalẹ̀. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn ń wọ́ nílẹ̀, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so pọ̀ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, tí wọn kò lè rójú ara wọn mọ́. Lẹ́yìn náà a dé orí àpáta kan, mo sì gbọ́ ohùn tí mo mọ̀. Bàbá Kọ́lá ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Òun àti ọkọ mi ni wọ́n jọ máa ń gun òkè ẹ̀yìn ìlú lọ pa àwọn òbúkọ igbó tó ń gbé orí àpáta. Kì í ṣe nítorí àtijẹ. Ìwo ni wọ́n ń gé, wọ́n á fi téèpù wọ̀n ọ́n, èyí tó bá gùn jù á bọ́ sára ògiri pálọ̀. Ẹran náà di ti igún.

Ó ń sáré, ẹ̀yin ará, ó ń sáré lórí àpáta gbígbóná yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń dà níhà rẹ̀, ìwo méjì ti hù lórí rẹ̀, wọ́n wúwo, wọ́n ń fa ọrùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ṣubú, àwọn tí n kò rójú wọn bò ó, wọ́n na téèpù sí ìwo náà, ojú rẹ̀ ṣì là, ó ń mí, ó ń wò mí, wọ́n ní kò tíì gùn tó, wọ́n jẹ́ kó dìde, ìbọn tún dún.

Mo bi amọ̀nà mi bóyá ẹran pípa ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Rárá. Ọlọ́run fi ẹran fún yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ni èyí ń gbà kí wọ́n lè yìn ín.”

Bàbá Kọ́lá gbójú sókè. “Ìyàwó wa,” ó ní, “sọ fún àbúrò mi kó má wá bá mi níbí.”

Nígbà náà ni mo rí i pé ibì kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Òrùka ìgbéyàwó ọwọ́ mi ni amọ̀nà mi ń wò.

Mo jí, mo sì dìde. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń nu ìbọn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọra bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n òun ń jẹ̀rora púpọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé ìbọn kọ́, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Síbẹ̀, kò tíì lè já ìwo kankan kúrò lára ògiri.

Ó wà láàárín yín lónìí, òun ló ní kí n sọ ọ́. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń gba ẹ̀mí kí ayé lè yìn ín, kó jáwọ́ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ibi tí mo rí yẹn ṣófo lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá a sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀.