Orúkọ Tí Mo Fi Ayùn Gé

Ẹ gbé kọfí yín kalẹ̀, ẹ̀yin ará àgọ́ ọdẹ. Èmi Orrin Colby, tí mo ti ń tún ìbọn ṣe ní òkè Vermont yìí kí irun mi tó funfun, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nínú mi tí n kò ní gbé wọ sàréè. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, kí n má retí ìgbà ọdẹ mìíràn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lucien Gervais, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́. Má dìde.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí mo máa ń sọ nípa ìbọn àgbọ̀nrín. Kó fúyẹ́, kó má baà já ọ léjìká kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde sì kúrú. Nínú igbó wa tó dí yìí, kí o tó fa ọ̀pá gígùn yọ láàárín ẹ̀ka, ìrù funfun àgbọ̀nrín tó ti ń sá lọ nìkan lo máa rí. Ọ̀rọ̀ mi ò yí padà, n kò sì ní yí i lónìí. Ṣùgbọ́n Lucien ò gbà. Ìbọn gígùn tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń gbé kiri, èyí tí bàbá náà fi ìṣó fín orúkọ ara rẹ̀ sí lẹ́bàá ẹnu ọ̀pá. “Orrin,” ló máa ń wí, “ẹnu rẹ ló gùn ju ìbọn mi lọ!” Gbogbo àgọ́ á bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Èmi tí mo mọ iṣẹ́!

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìgbà ọdẹ ṣí lọ́dún kan, Lucien ń jẹ ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo yọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí a máa ń fi ìbọn sí kí ooru ilé má baà mú un làágùn. Mo fi òòlù kékeré lu irin ìfojúsùn ìbọn rẹ̀, èyí tó fi ń wo ibi tí ọta máa bà, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ìkà ni mí. Lọ́sàn-án, akọ àgbọ̀nrín ńlá dúró gbangba níwájú rẹ̀. Ó yìnbọn, ó tàsé. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó bá tàsé, a ó gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kàn mọ́ ògiri. Èmi ni mo di ọ̀bẹ mú. Èmi náà ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lucien gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ojú ń tì í. Ó ní, “O borí, Orrin. Bá mi gé e kúrú. Àmọ́ orúkọ bàbá mi ńkọ́?”

Mo ní, “Orúkọ kì í pa ẹran.”

Mo mọ̀ pé ìbọn náà ò lẹ́bi. Òòlù kékeré yẹn náà ni ǹ bá fi dá irin padà sáàyè rẹ̀. Ayùn ni mo gbé. Ó dúró tì mí, ó yíjú sí fèrèsé títí mo fi gé e tán. Mo tún irin ìfojúsùn tò sí ẹnu tuntun, àṣírí bò. Látìgbà náà ló ti ń pa ẹran, tó ń sọ fún gbogbo ayé pé, “Orrin ló là mí lójú.” Lucien, ọpẹ́ yẹn ń ta mí bí ata.

Òótọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo lọ fi irọ́ tì í lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbí, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ jàre, ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ẹ jẹ́ kí igbó fúnra rẹ̀ dájọ́.

Irin tí mo gé nìyí, Lucien. N kò jù ú nù. Orúkọ bàbá rẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀bẹ sì rèé. Mo ti kẹ̀yìn sí ọ. Gé ṣẹ́ẹ̀tì mi dé ọrùn, kó o kàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pá kúkúrú ló dára jù o, ṣùgbọ́n èmi ni mo tàsé.