Àwo Irin Mẹ́ta Tí Mo Yàn fún Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa katakata, tí mo ń túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ra ohun ìtúlẹ̀, èmi ló ń kọ́kọ́ bi. Ìmọ̀ yẹn ni mo fi ṣìkà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tíṣà yín, fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ra katakata kékeré kan láti máa fi ro oko ọkọ rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Ọkọ mi, èmi ò mọ nǹkan kan nípa irin. Ohun ìtúlẹ̀ wo ni kí n rà?" Mo mọ̀ pé aláwo méjì, èyí tó ní àwo irin méjì tó ń gé ilẹ̀, ni irú katakata kékeré bẹ́ẹ̀ lè fà. Ṣùgbọ́n ìlara ti wọ̀ mí lára. Mo rò pé bí tirẹ̀ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, àwọn oníbàárà mi á yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó ra aláwo mẹ́ta. Mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, èmi ìkà.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lò ó, iwájú katakata gbéra nílẹ̀, tayà ẹ̀yìn ń yí lójú kan. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, mo fi katakata ńlá tèmi fa ohun ìtúlẹ̀ náà. Mo sọ àwo kalẹ̀ jìn dé orúnkún, mo bo ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá mọ́lẹ̀, mo hú amọ̀ pupa síta. Ewé àgbàdo rẹ̀ pọ́n, kò sì yọmọ. Ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Mo ní ilẹ̀ náà ló ti kú.

Èyí tó burú jù nìyí. Ní ìpàdé ẹbí, wọ́n ní kò mọ iṣẹ́ oko, kí wọ́n gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wojú mi. Mo mi orí pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó padà sí kíláàsì, oko náà sì di igbó fún ọdún mẹ́jọ.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ dìde. Ẹ ti sọ bó ṣe bàjẹ́, ẹ wá sọ bó ṣe ń dára." Mo sọ ọ́: àwo méjì, ìbú ọwọ́ méjì péré ni kó jìn, kí ó dúró títí erùpẹ̀ á fi fọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì túlẹ̀ dábùú òkè, kí àgbàrá má baà gbé erùpẹ̀ lọ. A fi ọkọ́ wa ilẹ̀ oko náà wò. Ìsinmi ọdún mẹ́jọ ti sọ ojú ilẹ̀ di dúdú padà.

Lọ́la, ẹ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹbí, kí n fi ẹnu tí mo fi ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n lè dá oko náà padà fún un. Ẹ dárí jì mí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ìyá Tíṣà ti lọ yan aláwo méjì; òun fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì yàn án dáadáa.