Ẹ̀rọ Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

Inú ń bí mi, ẹ má bu omi tútù sí i. Àgbàlagbà tó fi ẹ̀gún sábẹ́ ẹní ọmọlọ́mọ, tí òun wá ń sùn lórí tìmùtìmù, kò gbọdọ̀ kú láìsọ̀rọ̀. Dókítà ní ọkàn mi yìí kò ní lè rìn jìnnà mọ́. Ó dáa, kó tó dúró, n ó sọ ohun tí mo ṣe sí àbúrò ìyàwó mi obìnrin. Ìyàwó mi, jókòó. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ̀yin ọmọ ọ́fíìsì tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Kọ̀ǹpútà, ẹ sún mọ́ ibùsùn mi nínú ilé yìí, kí ẹ rí ẹni tí ẹ wá kí.

Ilé ìwòsàn ojú ni mo ti ṣiṣẹ́. Àwọn tí àìsàn ń jẹ ojú wọn lábẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá lọ́jọ́ tí dókítà bá dá fún wọn, torí ojú tí àìsàn yẹn bá pa, kò sẹ́ni tó lè jí i. Inú ìwé onílà-onílà kan nínú kọ̀ǹpútà ni orúkọ àti ọjọ́ wọn wà. Èmi ni mo kọ àṣẹ tí a ń pè ní máákírò sínú rẹ̀. Láràárọ̀, á wá ọjọ́ òní káàkiri ìwé náà, á kó orúkọ àwọn tí ọjọ́ wọn pé, á tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Àbúrò ìyàwó mi á gba bébà yẹn, á gbé fóònù. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ ọ̀hún, ilé wa ló ń gbé, Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí. Àwọn aláìsàn ń pè é ní Olóhùn-Oyin. “Bàbá wa, ẹ jí ire? Ojú yín ń ṣàárò wa o. Ẹ mú un wá, àbí ká wá gbé e nílé?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba aláìsàn wọlé, ibẹ̀ ni ọjọ́ tuntun ti ń wọ inú ìwé mi. Bí máákírò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú nìyẹn. Á wá ọjọ́ títí, kò ní rí i, á dúró gbagidi, á gbé ìkìlọ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà ń mú àlejò bọ̀ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ojú sì ń tì mí. Mo bá kọ ìlà kan ṣoṣo sí orí rẹ̀: bí o bá kọsẹ̀, máa lọ, má sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Bébà jáde, ó mọ́ tónítóní, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ní abúlé wa, bí ajá bá ń gbó, baba mi á gbé àtùpà jáde lọ wo ohun tó rí. Èmi ọmọ rẹ̀, okùn ni mo mú. Mo di ajá lẹ́nu, mo padà lọ sùn. Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni? Òmùgọ̀ ì bá sàn.

Mo rí i pé orúkọ orí bébà ń dín kù. Mo rí i! Olóhùn-Oyin fúnra rẹ̀ wá bá mi. “Bọ̀ọ̀dá, bébà yìí ti ń rù o. Àbí àìsàn ojú ti tán láyé ni?” Mo ní, “Ìwọ ṣáà máa pe àwọn tí wọ́n bá fún ọ. Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, ọ̀jọ̀gbọ́n.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ ni káfíńtà kan wọlé, ọwọ́ lára ògiri. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ṣe bàìbàì. Ó ń ké pé, “Wọ́n ní àwọn á pè mí! Mo jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń retí ìyàwó!” Ọ̀gá Àgbà ní ta ló ń pe aláìsàn. Gbogbo ìka nà sí Olóhùn-Oyin. Ó ní orúkọ ọkùnrin náà kò dé ọ̀dọ̀ òun rárá. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń fi fóònù ilé iṣẹ́ bá tàkúrọ̀sọ. Ó ní, “Ẹ bi Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n mọ̀ mí.” Ọ̀gá Àgbà ní ó dáa, lọ́la, lójú gbogbo èèyàn, a óò dán ẹ̀rọ wò.

Ibí ni mo ti di ìkà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ọ́fíìsì kí àwọn agbálẹ̀ tó dé. Mo yọ ìlà “má sọ̀rọ̀” yẹn kúrò, ẹ̀rọ sì ké ohun tó ti fẹ́ sọ látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù! Ọjọ́ tí a bá tẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Àwọn ọjọ́ tó ń ti ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọlé, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n. Wọ́n jọ ọjọ́ lójú èèyàn, wọn kì í ṣe ọjọ́ lójú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ló ń wá, ọ̀rọ̀ ló ń bá, ó sì ń kọjá lọ. Mo sọ gbogbo wọn di ọjọ́ gidi. Kò gbà mí ju àsìkò tí èèyàn fi ń mu tíì lọ. Ká ní mo ṣe é nígbà tí ajá ń gbó ni, káfíńtà ì bá ṣì máa fi ojú méjèèjì wọn igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tún un ṣe kó lè dára o. Mo tún un ṣe kó lè jẹ́rìí mọ́ ọmọ aláìṣẹ̀.

Gbogbo èèyàn pé. Ọ̀gá Àgbà ní kí n wá ọjọ́ káfíńtà. Mo tẹ bọ́tìnnì, orúkọ rẹ̀ yọ gedegbe. “Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀rọ kì í parọ́.” Olóhùn-Oyin kò sunkún. Ó wojú mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá?” Wọ́n lé e. Ìyàwó mi, ìwọ náà kó ẹrù rẹ̀ síta. O ní, “O fẹ́ ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́ níbi tó ti wá iṣẹ́ fún ọ?” Mo wà ní yàrá. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Àǹtí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.” Mo jókòó síbẹ̀ bí igi.

Bí ẹ bá ní kí ló wá là mí lójú, káfíńtà yẹn náà ni. Ìyàwó mi pè é wá tún ilẹ̀kùn wa ṣe, kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì gba ọjà lọ. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí igi ti wú, bí ẹni ń wá òrùka nínú omi. Ó ní, “Bàbá, obìnrin ilé ìwòsàn ojú tí kò pè mí yẹn, láràárọ̀ ni mo ń ṣépè fún un. Kí ayé rẹ̀ dojú rú bó ṣe fọ́ mi lójú.” Ẹnu mi ní “Àmín” kí n tó mọ̀. Ẹ gbọ́ mi? Èpè tèmi, mo ṣe àmín sí i lórí ọmọ ọlọ́mọ! Mo bá sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Kò bú mi. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ, ilẹ̀kùn ṣì wà ní sísí. Mo pe Ọ̀gá Àgbà lórí fóònù, ó ní kí n fi sínú, pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ó pẹ́ fún ta ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irú ìlà burúkú yẹn ṣì wà nínú àwọn iṣẹ́ mi mìíràn. Ẹ wá a, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá pariwo, ẹ má tijú, ẹ gbé àtùpà. Ìyàwó mi, má tíì dárí jì mí. O ti ń bi mí ìdí tí n kò fi jẹ́ kí o pe káfíńtà mìíràn sí ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì yẹn. Gba ibẹ̀ jáde, kí o lọ bá àbúrò rẹ, kí o sì fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní sísí bẹ́ẹ̀ títí tí òun náà yóò fi gba ibẹ̀ wọlé.