Iyọ̀ Inú Agolo Ìbomirin

Ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi, kí o jókòó. Má wulẹ̀ tún ìrọ̀rí ṣe, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí dókítà sọ fún ọ ní kọ̀rọ̀, mo gbọ́ ọ. Etí mi kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́, kò dà nínú mi, kò sì jáde. Ó ti rẹ̀ mí. Lónìí ni màá bì í. Fetí sí i dé òpin kí o tó lanu.

O mọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì ni wọ́n wà títí orí wọn fi funfun. Wọ́n á lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á dé lọ́jọ́ Ẹtì, a ó jẹun, a ó rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn ọjọ́ Ajé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ méjèèjì sí. Ni wọ́n bá gbé ọkọ́, wọ́n dojú kọ ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó ṣẹ́jú, tẹ̀tẹ̀ ti wà lápá ọ̀tún, ilá lápá òsì, tòmátì lára igi tí wọ́n fi okùn dè, elégédé ń fà lọ sọ́dọ̀ Káfíńtà aládùúgbò wa. Tíńtín ọmọ rẹ ò tún mọ ibòmíràn mọ́. Tí o bá ti gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ẹ̀yìn bàbá àgbà ló ń tọ̀, tòun ti abọ́ rọ́bà rẹ̀. Àwọn méjèèjì á já tòmátì, wọ́n á jẹ ẹ́ níbẹ̀ láìfọ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń sè é? Èmi náà ni. "Ìyá wọn, ẹ̀fọ́ rèé o!" Wọ́n á dà á sílẹ̀ ní kíṣìnnì, wọ́n á padà síta. Kí n já ewé kúrò lára igi, kí n fọ iyanrìn rẹ̀, kí n rẹ́ ẹ, kí ọwọ́ mi tó gbẹ, ilá ti dé. Tí mo bá fi ilá sílẹ̀ tó gbó, wọ́n á bínú, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ilá dàgbà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sinmi ẹ̀fọ́ lónìí." Wọ́n ní, "Ìyá wọn, ẹ̀fọ́ kì í sinmi, ó ń hù ni." Mo lè sọ pé kí wọ́n wá bá mi já a. Wọn ì bá wá. Mi ò sọ. Mo ń di ẹ̀fọ́ sínú bí ọ̀tá. Ṣé orí mi pé?

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń pọn omi sínú agolo ìbomirin de àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wà ní balùwẹ̀, mo tú odidi ọ̀rá iyọ̀ kan sínú rẹ̀, mo fi igi rò ó. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Láàárọ̀, èmi yìí dúró lójú fèrèsé, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn pa nǹkan wọn, tí wọ́n ń kọrin sí i. Kò pẹ́, ewé ká sókè, etí rẹ̀ jó. Wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ìyá wọn, iyọ̀ wà nínú ilẹ̀ yìí."

Ibẹ̀ ni ǹ bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti yá jù mí lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ bu iyọ̀ sínú agolo? Ẹ ní ìgbín ń jẹ tẹ̀tẹ̀ yín. Àbí ẹ ò rántí ni?"

"Èmi?"

"Àwa méjì la wà nílé. Ṣé iwin ló bù ú ni?"

Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. Wọ́n ní, "Mi ò rántí o." Mo tún rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ ogbó ti ń dé nìyẹn. Háà, ẹ̀rín yẹn!

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí: "Ìyá wọn, ṣé mo ti tilẹ̀kùn? Ṣé mo ti jẹun?" Dípò kí àánú ṣe mí, ó rọ̀ mí lọ́rùn. Àwo fọ́ lọ́wọ́ mi, mo ní àwọn ni. Kọ́kọ́rọ́ sọnù, mo ní àwọn ni. Wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún ẹ̀gbọ́n rẹ, wọ́n ní ojú títì kì í ṣe ibi eré fún ẹni tó ń gbàgbé. Ebè kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n tún kọ, lẹ́bàá ògiri, nítorí Tíńtín.

Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ibi tí ọkàn rẹ ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ iná náà ni.

Èmi ni mo gbé ẹ̀fọ́ kaná lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ní kí n lọ na ẹ̀yìn díẹ̀. Oorun gbé mi lọ, ìkòkò gbẹ, òróró gbiná, iná ran kọ́tìnì, ọmọ rẹ sì ń sùn nínú yàrá tó kángun sí kíṣìnnì. Ìdí ẹ̀fọ́ ni bàbá rẹ wà tí wọ́n rí èéfín. Wọ́n gba inú iná wọlé, wọ́n fi ẹ̀wù bo Tíńtín, wọ́n gbé e jáde, wọ́n tún padà wá fà mí. Àpá ọwọ́ wọn yẹn, o rò pé àìbìkítà wọn ló dá a sí wọn lára. Àwa ni wọ́n fi gbà là.

Nígbà tí o dé, ọmọ ń wúkọ́ lẹ́sẹ̀ ìyàwó Káfíńtà. O figbe ta: "Ta ló gbé ìkòkò kaná tó fi í sílẹ̀?" Mo wò ọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní èmi ni, o ò ní gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ní, "Bàbá rẹ ni. Ìwọ náà ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé." O yíjú sí wọn. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde, tí ọwọ́ rẹ̀ ń bó, ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni. Ẹ má bínú."

O gbé ọmọ rẹ lọ. Láti ìgbà náà, wọn ò wọ kíṣìnnì, wọn ò ṣáná, wọn ò fọwọ́ kan ọkọ́. Orí àga pálọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí iyọ̀ dórí iná. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìyá wọn, o ṣeun. O fẹ́ gbé ẹ̀bi mi rù lọ kí ojú má bàa tì mí lẹ́yìn rẹ. Mi ò ní jẹ́ kí o purọ́ nítorí mi." Wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ti fún mi lóògùn. Wọ́n ti fún mi.

Nítorí náà, má tíì dárí jì mí. Tó bá yá, tó bá ṣeé ṣe, mo bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ mú Tíńtín wá láàárọ̀ ọ̀la. Fà á lé bàbá rẹ lọ́wọ́, sọ pé o ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á ní kí o má ṣe é, wọ́n á ní àwọn ò ṣeé fọkàn tán. Ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Má sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn máa yọjú wò wọ́n. Wọ́n á mọ̀. Lọ pátápátá. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́, ọmọ mi, ìwọ ló kù tí wọ́n lè gbà gbọ́.