Èmi Ni Mo Ní Kí Katapílà Wọ Odò Náà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀. Ẹnì kan pè mí lọ́jọ́ Tuesday, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Engineer ni mí tẹ́lẹ̀ nílé iṣẹ́ epo kan ní Calgary, ní Canada níbí. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, wọ́n lay wa off. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé, tí ìyàwó mi ń dá gbọ́ bùkátà ilé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kékeré kan gbà mí, mo dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run.

Ní British Columbia, ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, niṣẹ́ náà wà. À ń kọ́ àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, bí wọ́n ṣe máa tún odò wọn ṣe kí ẹja salmon lè padà wá yé ẹyin níbẹ̀. Raymond ló ń wa katapílà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń di ẹja yíyan fún mi pé kí n gbé e lọ fáwọn ọmọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹyin ti wà lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Àǹtí mi rí i. Ẹ jẹ́ ká dúró."

Ọ̀gá mi ti ní iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí ní Friday. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á tún lé mi.

Mo ní, "Mo ti yẹ ibẹ̀ wò. Wọ odò lọ."

Irọ́ ni. Mi ò yẹ nǹkan kan wò.

Kò pẹ́ tí ẹyin pupa fi ń ṣàn lọ lójú omi, gbogbo ẹ̀ ti fọ́. Àǹtí rẹ̀ dúró létí odò, ó ń sunkún láì pariwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ló burú sí. Nínú report, mo kọ ọ́ pé Raymond ló kọjá ibi tí a fi àmì sí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú training. Kò bá mi jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ìwọ náà mọ̀."

Àǹtí yẹn ló pè mí. Ó ní Raymond ò dé etí odò mọ́, àwọn ará ilé ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wá sọ ohun tí mo rí níwájú àwọn àgbà wọn. Mo ní mo máa pè é padà.

Mo lè pàdánù licence mi. Wọ́n lè gbé mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi ń bi mí pé kí ló dé, mo ní òtútù ni.

Lánàá, mo tẹ nọ́ńbà obìnrin náà. Ó gbé e, ó ní, "Hello?" Mo pa fóònù náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́wọ́ nǹkan rí, gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ?