Agolo Epo Bíréèkì Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo wà látìmọ́lé, ọkọ mi ló kó o síbẹ̀, èmi nìkan ni mo sì lè yọ ọ́. Bí mo bá la ẹnu, ọkọ mi ni yóò lọ rọ́pò rẹ̀. Irú wàhálà wo rèé?

Ọmọ Ṣakété ni èmi àti ọkọ mi, Kútọnu la ti ń jẹun. Ó ní ọkọ̀ ògbólógbòó kan tó fi ń kó èrò, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ mẹkáníìkì ló sì ń bá a tọ́jú rẹ̀. Láràárọ̀, ọkọ mi á wọn ọ́ìlì, á wo epo bíréèkì, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń bu omi sí rẹdíétọ̀. Ó ní ọwọ́ ìyàwó tutù, ọkọ̀ tó bá fún lómi kì í gbóná lọ́nà. Mo fẹ́ràn àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn gan-an.

Àfi bí Nàìjíríà ṣe ti ẹnubodè. Epo bíréèkì di àwátì ní ọjà Dantokpa. Rédíò ń pariwo pé Ìyípadà tí ìjọba ń ṣe fẹ́ ká gbára lé ara wa, bí ẹni pé ìyẹn ló ń mú kí ọkọ̀ dúró. Lọ́jọ́ Alámìísì kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìṣojú mi ló ti sọ fún ọkọ mi pé, "Àna mi, ẹ má gbé ọkọ̀ yìí jáde o. Epo bíréèkì ti jò tán. Mo ti ránṣẹ́ sí obìnrin kan tó ń gba ọ̀nà igbó wọlé láti Ìdìrókò. Ẹ ní sùúrù." Ọkọ mi ní òun ti gbọ́.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn tó ń lọ síbi fídáù ní Ṣakété ti dúró dè é. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń fi gèlè mi sẹ́ omi ọṣẹ.

Mo ní, "Bàbá Ràfíù, ọkọ̀ lẹ fẹ́ fọ̀ ni?"

Ó ní, "Gbogbo awakọ̀ ló ń rọ ọ́ sí bíréèkì báyìí. Bu omi rẹ kí n máa lọ, Ìyá Ràfíù."

Bíréèkì náà mú lóòótọ́, títí ó fi gbóná. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí kò jìnnà sí Ṣakété, omi ọṣẹ hó, ọkọ mi tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀ lófìfo. Igi ló dá wọn dúró. Ìyá arúgbó kan àti aboyún kan kú, ẹsẹ̀ ọkọ mi sì ṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá jàndáàmù béèrè ẹni tó fọwọ́ kan bíréèkì gbẹ̀yìn, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún òun pé ọkọ̀ ti dára. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n ní ọ̀tá Ìyípadà ni.

Kò pẹ́ tí obìnrin Ìdìrókò náà fi kanlẹ̀kùn. Agolo epo bíréèkì kan ló mú wá, ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí òun sáré gbé e fún ọkọ mi. Ọkọ mi ní kí n lọ jù ú sínú ọ̀sà. "Bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ?" Mi ò jù ú. Abẹ́ ibùsùn ni mo fi sí, ọkọ mi sì ń sùn lórí rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi á ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà? Mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì ń kórìíra rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ọ̀ tó dé, nítorí ọjọ́ náà ni ìyá mi máa ń wá wẹ ẹsẹ̀ ọkọ mi. Á máa bẹ Ọlọ́run kó tú ọmọ òun sílẹ̀, ọkọ mi á máa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ìyá mi á ní kí n gbé omi gbígbóná wá, kí n po ọṣẹ sí i.